Fìlà Orí Ẹ́ńjìnnì: Bí A Ṣe Ń Ṣí I, Bí A Ṣe Ń Kùn Ún àti Bí A Ṣe Ń Dé E Padà

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀sán gangan ni, mo wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, nínú Toyota Camry tí àwọn ènìyàn wa sọ ní Orobo nítorí pé ara rẹ̀ rí roboto. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, òórùn ọ́ìlì tó ń jóná á gba ojú ihò atẹ́gùn wọlé bá mi, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ á sì máa yọ létí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀nà bá là díẹ̀ tí mo sáré, afẹ́fẹ́ á gbé gbogbo rẹ̀ lọ, n ó sì rò pé ó ti tán.

Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ fi hàn ní ẹ́ńjìnnì ti kú tán, àfi kí a tú u palẹ̀. Iye owó tó pè kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé ọkọ̀ lọ bá bàbá kan tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Bàbá kò mú sípánà kankan. Wọ́n na ìka ìfábẹ̀là sí etí irin gígùn tó wà ní òkè pátápátá lórí ẹ́ńjìnnì, wọ́n fà á lọ díẹ̀, wọ́n sì gbé ìka náà sókè kí n wò ó. Ó dúdú, ó ń dán.

“Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì rẹ kò ní àrùn kankan. Fìlà rẹ̀ ló ń jò.”

“Fìlà kẹ̀, Bàbá?”

“Fìlà ni. Orí ẹ́ńjìnnì ni ibi tí irin yìí bò. Ohun tí a bá dé sórí, kí ló tún ń jẹ́?”

Irin yìí ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà. Nínú orí ìwé yìí, fìlà ni n ó máa pè é, nítorí orúkọ tí Bàbá fún un bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. A ó ṣí i, a ó wo abẹ́ rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó kùn ún, a ó sì dé e padà. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo rẹ̀: ìmọ́tótó ló ń mú kí ọ̀dà di irin mú, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ló sì ń mú kí fìlà di ọ́ìlì mú. Iṣẹ́ agbára kọ́ ni èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tí fìlà ń bò

Ní 1876, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Nikolaus Otto kọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpele mẹ́rin, ìlànà yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo bẹntiróòlù ṣì ń tẹ̀lé dòní. Ẹ́ńjìnnì á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé, á fún wọn pọ̀, iná á ràn wọ́n, á sì ti èéfín wọn síta. Ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde ni à ń pè ní fáàfù. Nínú Camry tí mò ń sọ yìí, sílíńdà mẹ́rin ló wà, fáàfù mẹ́rin sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16. Ọ̀pá irin méjì tó yọ kókó lára, tí orúkọ wọn ń jẹ́ kámúṣáfùtù, ló ń yí lórí wọn, tí kókó ara wọn sì ń tẹ fáàfù sílẹ̀ bí àkókò rẹ̀ bá tó.

Kámúṣáfùtù ń yí ní ìdajì eré kíránkì, ìyẹn ọ̀pá irin ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù bá wà ní 3,000, kíránkì ń yí po nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kámúṣáfùtù ń yí nígbà 1,500. Ìyẹn ni pé fáàfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó sì ń padé, nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kí ẹ tó pe orúkọ ara yín àti ti bàbá yín tán, ilẹ̀kùn kékeré yẹn ti ṣí tó ìgbà 25.

Irin kò lè fara gbo irin báyìí kí ó má jẹ ara rẹ̀, àfi bí ọ́ìlì bá wà láàárín wọn. Ìdí nìyí tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ wá sókè, tí ó sì ń ta á sí gbogbo ibi tí irin bá ti ń yí. Bí ọbẹ̀ tó ń hó ṣe ń ta sókè nínú ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì ń ta lórí ẹ́ńjìnnì. Láyé ìgbà tí mọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí wọn kò bo irin tó ń ti fáàfù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kán ọ́ìlì sí wọn, eruku ọ̀nà á sì bá ọ́ìlì náà pò, á máa lọ irin bí ẹni ń lọ ata. Fìlà ló fòpin sí ìyẹn. Ó ń dá ọ́ìlì dúró sínú, ó ń dá eruku dúró síta.

Iṣẹ́ kejì tí fìlà ń ṣe kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ti ń mí. Bí iná bá ti ràn nínú sílíńdà, èéfín díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì písítìnnì sọ̀kalẹ̀ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Láyé àtijọ́, páìpù kan ló ń da èéfín yìí sílẹ̀ sójú títì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí afẹ́fẹ́ àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà ti ń bàjẹ́, pàápàá ní California, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jóná níbẹ̀. Fáàfù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní PCV ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ara fìlà ló sì sábà máa ń wà. Ní abẹ́ fìlà, awo irin pẹlẹbẹ kan ń gba ẹ̀kán ọ́ìlì sílẹ̀ kí èéfín nìkan lè kọjá. Ẹ fi awo yìí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ìdí tó fi ń jò

Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà láàárín fìlà àti orí ẹ́ńjìnnì. Gáskẹ́ẹ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Ohun tí rọ́bà yìí fi ń dá ọ́ìlì dúró kò ju pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, òun náà ń tì padà. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná dáadáa máa ń wà láàárín 90°C sí 120°C, inú ooru yìí sì ni rọ́bà náà ń gbé lójoojúmọ́. Ooru àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á máa so àwọn okùn tó kéré ju ohun tí ojú lè rí nínú rọ́bà mọ́ ara wọn, títí wọn kò fi ní lè nà mọ́. Nígbà tó bá yá, rọ́bà á pẹlẹbẹ, á le, á dúró bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Èyí tí mo yọ lára Camry mi ń dá kàké-kàké lọ́wọ́ mi bí igi gbígbẹ.

Bí ọ́ìlì bá ti rí ọ̀nà, ibi méjì ló sábà máa ń gbà. Bí ó bá ṣàn síta, á sọ̀ sórí mánífóòdù, ìyẹn irin tí èéfín iná ń gbà jáde. Ibẹ̀ gbóná kọjá ohun tí ọ́ìlì lè fara dà, òun ló sì ń fa òórùn àti èéfín tí mo rí. Bí jíjò náà bá pọ̀, ó lè di iná. Bí ó bá ṣàn sínú, á kún inú ihò tí pílọ́ọ̀gì, ohun tó ń ta iná sínú sílíńdà, wà. Iná mànàmáná tó ń lọ sí pílọ́ọ̀gì lè kọjá 20,000 fólítì. Bí ọ́ìlì bá ti ba rọ́bà orí wáyà jẹ́, iná yìí á wá ọ̀nà mìíràn gbà, ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí kò bá rìn.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti rọ́bà nìkan nígbà gbogbo. Bí PCV bá dí, èéfín tí kò rí ọ̀nà jáde á máa wú nínú ẹ́ńjìnnì, á sì máa ti ọ́ìlì gba etí fìlà. Ẹni tó bá pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì tí kò wo PCV, jíjò náà á padà wá bá a. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ mì í létí yín. Bí ó bá ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń rìn, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ dá a padà. Bí kò bá dún, ẹ ra òmíràn. Kì í wọ́n.

Ṣíṣí fìlà

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Òwúrọ̀ kùtù, kí ẹ tó tan ọkọ̀ rárá, ló dára jù. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà nu gbogbo òkè ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fẹ́ eruku inú ihò pílọ́ọ̀gì jáde, kí ẹ sì ṣọ́ ojú yín nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Yanrìn tó wà níta kò ṣe nǹkan kan. Èyí tó bá bọ́ sínú ló ń jẹ irin.

Wáyà pílọ́ọ̀gì mẹ́rin ló wà. Ẹ lẹ tépù oníbébà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ 1, 2, 3, 4 sí i. Iná kì í tò tẹ̀léra nínú ẹ́ńjìnnì yìí: sílíńdà kìíní ló ń gba iná ṣáájú, ẹ̀kẹta tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹrin, kí ó tó kan ìkejì. Bí ẹ bá ṣi wáyà méjì gbé fún ara wọn, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Orí rọ́bà ni kí ẹ dì mú fà, ẹ má fa wáyà fúnra rẹ̀. Ẹ yọ họ́ọ̀sì tó so mọ́ fìlà. Bí ó bá lẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ kí ẹ tó fà á. Èyí tó bá ti le tàbí tó ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Fìlà ẹ́ńjìnnì yìí, nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló dì í mú, rọ́bà roboto kan sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ mìíràn lè ní bóòtù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má tú ọ̀kan tán kí ẹ tó kan èkejì. Ẹ tú èyí díẹ̀, kí ẹ tú tọ̀hún díẹ̀, títí gbogbo wọn á fi dẹ̀. Bàbá máa ń gé páálí kan, wọ́n á lu ihò mẹ́rin sí i bí nọ́ọ̀tì ṣe tò lórí fìlà, wọ́n á sì ki nọ́ọ̀tì àti rọ́bà kọ̀ọ̀kan sí ààyè tirẹ̀. Rọ́bà tó ti jókòó síbì kan fún ọdún púpọ̀ ti mọ ibẹ̀; bí ẹ kò bá ní ra tuntun, ibẹ̀ náà ni kí ó padà sí.

Fìlà tó ti pẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ orí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ fi òòlù onírọ́bà kàn án jẹ́jẹ́. Ẹ má ki síkúrúdíráfà sí àárín wọn láti fi tú u. Álúmíníọ̀mù rọ̀, ojú ọgbẹ́ tí ẹ bá dá sí i lónìí ni ọ́ìlì á máa gbà lọ́la.

Ohun tí ẹ ó rí lábẹ́ rẹ̀

Bí fìlà bá ti kúrò, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wò. Ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò tíì rí inú ẹ́ńjìnnì wọn rí, bẹ́ẹ̀ ìtàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bí irin bá mọ́, tàbí tí ó ní àwọ̀ bí oyin fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò. Bí ẹrẹ̀ dúdú tó ki bá lẹ̀ mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀, ọ́ìlì ti pẹ́ jù nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ náà sì lè dí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí ògì lábẹ́ fìlà, omi ti bá ọ́ìlì pò. Nínú ọkọ̀ tí kì í rìn ju ìrìn kúkúrú lọ, ó lè jẹ́ ìrì lásán. Ṣùgbọ́n bí omi rédíétọ̀ bá tún ń dín kù, ẹ sáré fi han ẹni tó mọ iṣẹ́, nítorí gáskẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì lè ti jó.

Ẹ wo kókó ara kámúṣáfùtù náà. Ó yẹ kí ojú wọn máa dán láìní ihò tàbí ojú ìfọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ mímọ́ bo gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kó ohun tó wà lápò àyà yín kúrò. Nọ́ọ̀tì kékeré tó bá já bọ́ síbẹ̀ lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Fífọ̀: ibi tí iṣẹ́ wà

Mo ti rí fìlà tí wọ́n kùn ní ọjọ́ Sátidé tí ọ̀dà rẹ̀ sì ń bó bí èèpo àlùbọ́sà kí oṣù tó parí. Ẹni tó kùn ún ń bú ẹni tó ta ọ̀dà fún un. Ọ̀dà kò jẹ̀bi. Ọ́ìlì ló wà lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì kúrò. Ẹ má lo bẹntiróòlù; afẹ́fẹ́ tó ń tara rẹ̀ jáde ń rìn nílẹ̀ lọ bá iná tí ẹ kò rò. Lẹ́yìn kẹrosíìnì, ẹ fi ọṣẹ ìfọwọ́ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ tún un fọ̀. Ẹ jìnnà sí kọ́sítíìkì sódà: ó ń jẹ álúmíníọ̀mù, gáàsì tó ń jáde nígbà tó bá ń jẹ ẹ́ sì lè gbiná. Ẹ fọ ìsàlẹ̀ fìlà bí ẹ ṣe fọ òkè rẹ̀, pàápàá abẹ́ awo pẹlẹbẹ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nítorí awo yẹn náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbé fìlà lọ síbi tí wọ́n ti ń fi yanrìn fẹ́ irin. Yanrìn á sá sábẹ́ awo, omi kò ní lè kó o tán. Ọjọ́ tí ọ́ìlì gbígbóná bá wọ ibẹ̀, yanrìn náà á bá a sọ̀kalẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó mọ́? Ẹ da omi mímọ́ sórí rẹ̀ kí ẹ sì wò ó. Bí omi bá ń ká jọ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán bí òjò orí ewé kókò, ọ́ìlì ṣì wà níbẹ̀. Ẹ padà sí ìdí ọṣẹ. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ tí ó bo gbogbo ojú irin láìjá, ó ti mọ́. Láti ìgbà náà lọ, ẹ má fi ìka lásán kàn án mọ́. Ọ̀rá ara wa náà tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Nígbà tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà ha á, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 180 kí ẹ parí sí 320. Ẹ kò wá dídán. Ojú tó ha fẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀dà ń dì mú. Ìkìlọ̀ kan wà níhìn-ín. Wọ́n fi magnesium ṣe fìlà àwọn ọkọ̀ kan, kì í ṣe álúmíníọ̀mù. Ìyẹ̀fun irin yẹn ń gbiná burúkú, omi kì í sì í pa á. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó jẹ́, ẹ fi omi rin sáńpépà nígbà tí ẹ bá ń ha á, kí ẹ máa nu ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì jìnnà sí ẹ̀rọ ìlọrin.

Kíkùn

Bí a bá ti ha álúmíníọ̀mù tán, afẹ́fẹ́ máa ń fi awọ tín-ín-rín bo ojú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Awọ yìí ni kì í jẹ́ kí ó dípẹtà bí irin dúdú, òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà lásán dì í mú pẹ́. Nítorí náà, púráímà tó ní ásíìdì díẹ̀ nínú, tí wọ́n ṣe fún álúmíníọ̀mù, ni kí ẹ kọ́kọ́ fín sí i. Ásíìdì náà á bu awọ yẹn jẹ, púráímà á sì rí ibi ta gbòǹgbò sí. Ṣáájú èyí, ẹ lẹ tépù bo ojú kòtò tí gáskẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, ihò pílọ́ọ̀gì, ihò PCV àti gbogbo ìsàlẹ̀. Ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé ibi tí rọ́bà àti ọ́ìlì wà.

Ọ̀dà ilé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ ra ọ̀dà ẹ́ńjìnnì inú agolo tí wọ́n kọ 500°F sí, ìyẹn 260°C. Ó ju ooru tí fìlà máa ń rí lọ. Ẹ má rò pé ọ̀dà tí wọ́n ṣe fún páìpù èéfín dára jù nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ ga. Ooru ńlá ni ìyẹn nílò kí ó tó le, fìlà kì í sì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bo imú yín, kí ẹ fín in níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀ tí kò sí iná nítòsí. Ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ dúró bí àkọlé ara agolo ṣe wí, kí ẹ tún un fín. Ẹlẹ́ẹ̀mẹta fẹ́ẹ́rẹ́ sàn ju ẹlẹ́ẹ̀kan tó nípọn tó sì ń ṣàn lọ. Nígbà òjò, omi inú afẹ́fẹ́ lè mú kí ojú ọ̀dà ṣú funfun. Nígbà ọyẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wá ọjọ́ tí òòrùn ràn tí afẹ́fẹ́ sì rọlẹ̀.

Ọ̀dà kan tún wà tó ń ká jọ wúruwùru bí ó ṣe ń gbẹ, ó sì máa ń bo àléébù irin. Bí ẹ bá ti wo ògì gbígbóná tó ń tutù nínú abọ́, ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣe é: òkè rẹ̀ ń di awọ nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì rọ̀, awọ náà á wá fún jọ. Èyí nìkan ni ó fẹ́ kí ẹ fín òun nípọn, kí ẹ sì fi ooru ràn án lọ́wọ́.

Ní ti àwọ̀, ọ̀rọ̀ náà tóbi ju bí a ṣe rò lọ. Ní 1957, Ferrari ti Ítálì kùn fìlà ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje kan ní pupa, wọ́n sì sọ ọkọ̀ náà ní 250 Testa Rossa. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni orí pupa. Ní 1984, wọ́n tún fi orúkọ náà sọ ọkọ̀ tuntun, Testarossa, tí ó di ìlú mọ̀ọ́ká. Láti ara ọ̀dà fìlà ni odidi ọkọ̀ ti gba orúkọ. Fún ọkọ̀ tí à ń gùn lọ síbi iṣẹ́, àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni mo fara mọ́, nítorí pé bí ọ́ìlì bá yọ díẹ̀, ojú á tètè rí i.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dà ẹ́ńjìnnì ló nílò ooru kí ó tó le tán, nǹkan bí 93°C fún ìwọ̀n àkókò tí wọ́n kọ sára agolo. Ẹ má ki fìlà sínú ààrò tí ẹ fi ń yan oúnjẹ láé. Èéfín ọ̀dà májèlé ni. Bí kò bá sí ààrò mìíràn, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀, ooru ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á parí iṣẹ́ náà.

Dídé e padà

Ẹ ra gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, àti rọ́bà ihò pílọ́ọ̀gì pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ bó tépù ara fìlà kúrò, ẹ ká aṣọ orí ẹ́ńjìnnì kúrò, kí ẹ sì nu kòtò fìlà àti ojú orí ẹ́ńjìnnì títí wọn á fi gbẹ táútáú. Ẹ tẹ gáskẹ́ẹ̀tì sínú kòtò rẹ̀ yípo, kí ẹ fi ìka tọ̀ ọ́ kí ó má bàa ká níbì kankan.

Àwọn kan máa ń fi gọ́ọ̀mù kùn gbogbo etí rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Gáskẹ́ẹ̀tì onírọ́bà kò nílò rẹ̀, àfi ní igun tí irin méjì ti pàdé, níbi tí ìdè orí kámúṣáfùtù ti kan orí ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀, ẹ̀kán kékeré ti tó. Gọ́ọ̀mù tó bá pọ̀ jù á fún sínú, á já, á sì lọ dí asẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀. Mo mọ ọkọ̀ tí kò jò mọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú nítorí àìrí ọ́ìlì.

Ẹ gbé fìlà sọ̀kalẹ̀ tààrà, ẹ má fà á lórí gáskẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí gbogbo nọ́ọ̀tì wọlé ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀, kí ẹ yípo lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ yípo lẹ́ẹ̀kẹta. Báyìí ni rọ́bà ṣe ń gba ẹrù dọ́gba-dọ́gba.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ni mo ti rí ohun tí agbára ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ kan tó lágbára gan-an fẹ́ fi hàn pé òun mọ iṣẹ́, ó sì fara ti sípánà gígùn. Ó dún “kàù!” Orí bóòtù kékeré náà bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyókù rẹ̀ kù sínú álúmíníọ̀mù. Ojú ọmọ náà rẹ̀wẹ̀sì.

“Ẹ máa bínú, Ọ̀gá. Mo rò pé kò tíì le tó ni.”

Bàbá kò pariwo. Wọ́n ní, “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Wá jókòó, kí a jọ yọ ọ́.” Wákàtí mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi yọ ohun tí kò gùn ju ìka ọmọdé lọ.

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wà lẹ́yìn òwe náà. Bí ẹ bá fún rọ́bà kọjá ààlà, kì í dá ọ́ìlì dúró sí i; ṣe ni ó ń fún jáde kúrò ní ààyè rẹ̀, fìlà fúnra rẹ̀ sì lè tẹ̀ tàbí kí ó là. Ọ̀pọ̀ bóòtù kéékèèké tó ń di irú fìlà yìí mú kò fẹ́ ju nǹkan bí 8 sí 12 N·m lọ, ìyẹn agbára ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ti èjìká. Nọ́ọ̀tì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ díẹ̀ sí i. Ìwé ọkọ̀ yín ló ní iye gan-an, sípánà tó ń wọn agbára ló sì ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ibi tí yóò dúró.

Ẹ dá PCV, họ́ọ̀sì àti wáyà padà bí nọ́ńbà wọn ṣe tò. Ẹ so orí bátìrì padà, ẹ wo ìwọ̀n ọ́ìlì, kí ẹ tan ọkọ̀. Òórùn ọ̀dà tuntun á yọ ní ìgbà àkọ́kọ́; ìyẹn kò burú. Ẹ jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì tọ etí fìlà yípo, kí ẹ sì tún un wò lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ibi tó rin, ẹ má sáré fún nọ́ọ̀tì sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wo ibi tí rọ́bà ti ká.

Fìlà Camry mi wá di àwọ̀ eérú tó mọ́lẹ̀. Owó gáskẹ́ẹ̀tì, púráímà, agolo ọ̀dà méjì àti owó iṣẹ́ Bàbá kò tó ìdá mẹ́wàá iye tí wọ́n ní kí n fi tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Nítorí náà, bí òórùn ọ́ìlì bá wọlé bá yín nínú ọkọ̀, ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ohunkóhun. Ẹ dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì kọ́kọ́ na ìka sí etí fìlà.